Akàn Inú Páálí

Ibi tí wọ́n sin ìyá tó bí ìyá mi sí, òun fúnra rẹ̀ ló fi ìdí mú un gbóná sílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. N kò bù mọ́ ọn. Nígbà tí bàbá àgbà kú, tí wọ́n sin ín sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ níwájú ilé ní Ìgàndò, Màmá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí apá òsì sàréè náà. Ibẹ̀ ló ti ń bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ló ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ló ti ń bú ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ló ni ilẹ̀ láti ojú títì dé ẹ̀yìn odò nígbà kan rí, kí wọ́n tó máa gé e tà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó kúrò nínú oòrùn, èsì kan náà ni yóò gbà: "Ẹ fi mí sílẹ̀, ààyè mi ni mò ń mú gbóná. Ẹ ti ta Ìgàndò tán, ibi tí ìdí mi wà yìí nìkan ló kù."

Mo fẹ́ sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí wọ́n pín lọ́jọ́ fídáù rẹ̀. Ìwé yẹn ní onísùúrù ìyá ni, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín títí àlùfáà fi yíjú wò mí. Sífáwù Àbẹ̀kẹ́ tí èmi mọ̀, tí ìyá mi fà mí lé lọ́wọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tó ń lọ ṣòwò ní Kútọnu, kò sí ẹni tí kò bá jà. Ó bá ẹni tó ń gbé omi kiri jà. Ó bá ayálégbé jà. Ọdún kan wà tó bá ewúrẹ́ aládùúgbò yan odì, tí kì í wo apá ibi tó bá wà. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ewúrẹ́ ṣe. Ó ní, "Ó mọ ohun tó ṣe."

Ọlọ́run pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnu rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ alásàlátù wọn, ìyá kan tó jẹ́ olórí ní kí kálukú gbé ohùn sókè kó tọrọ ohun kan ṣoṣo lóṣù ààwẹ̀. Ẹni kan tọrọ Mẹ́kà. Ẹni kan tọrọ kí ọmọ òun tó wà lókè òkun rántí ọ̀nà ilé. Ó kan Màmá. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó di ojú, ó ní: "Ọlọ́run mi, fún mi ní akàn kan péré, kí O sì wo ibòmíràn nígbà tí mo bá ń jẹ ẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé ọ̀rọ̀ akàn yìí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ọmọ etí ọ̀sà ni Màmá, ní abúlé kékeré kan lọ́nà Àgbádárìgì. Alákàn ni bàbá rẹ̀: ìgèrè ló fi ń dẹ wọ́n, á gbé e sínú ẹrẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á lọ kó wọn láàárọ̀. Akàn ni wọ́n fi já a lẹ́nu ọmú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ á sè é, á fọ́ ọ, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á fi ata rodo tí wọ́n kàn gún lásán sí i, ó parí. Ó sọ ìtàn ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn fún mi títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó wá di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n sì fà á fún ọkọ ní Ìgàndò. Lọ́jọ́ tí wọ́n sìn ín wá, tí wọ́n fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyàwó, àgbà ilé kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí i létí: ilé yìí kì í jẹ akàn. Nígbà ogun, baba ńlá wọn sá dé etí odò, ó wọ abẹ́ kòtò, akàn jáde, wọ́n rìn lórí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi parẹ́, ogun kọjá lọ. Nítorí náà, ìyàwó tó bá jẹ akàn nínú agbo ilé yìí, ilẹ̀ agbo ilé yìí kò ní gba òkú rẹ̀. Wọ́n á gbé e padà fún àwọn tó bí i.

Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un kó má la ẹnu títí ọjọ́ kẹta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ tó fi bi àgbà náà pé, "Akàn tó gbà yín là, ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àbí èmi ni kí n máa fi ẹnu gbígbẹ dúpẹ́ fún yín?"

Ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ o. Ẹ bú u bí ẹ ṣe fẹ́, ó pa á mọ́. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò fi akàn kan ẹnu, àní nígbà tó bá lọ kí àwọn ará ilé tirẹ̀ létí ọ̀sà, tí wọ́n á máa jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Bàbá àgbà ló fẹ́ sùn tì. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ní ó ń hanrun bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Ó sọ fún mi nígbà tí mo ṣì kéré, a jọ ń jẹ ẹja lọ́jọ́ náà: "Wọ́n ní kí n má jẹ ẹ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n má rántí."

Nínú gbogbo àwọn tó bá jà, ẹnì kan ni ọ̀gá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí Màmá wọlé, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó wa kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bí ó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ àpọ́nlé ni yóò sọ ọ́. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dàgbà. Ó di tíṣà, ó fi ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ kọ́ ọmọ aráyé ní ìṣirò, ó fẹ̀yìn tì, ó di olórí ẹbí. Bírò pupa kò kúrò lápò àyà rẹ̀ títí dòní. Ikùn rẹ̀ sì wá tóbi tó jẹ́ pé bó bá ń bọ̀ wá kí wa, ikùn á ti wọ yàrá, á ti jókòó, kó tó dé. Síbẹ̀, láràárọ̀ tí Màmá bá pàdé rẹ̀, á kúnlẹ̀ gbọọrọ, níwájú ayálégbé, níwájú àwọn tó wá ra ilẹ̀: "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹ káàárọ̀." Bàbá á máa wo àyíká. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ìyàwó, ṣé kò sí orúkọ mìíràn tí ẹ lè máa pè mí ni?" Màmá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní: "Orúkọ tó dáa ni mo fún yín. Ẹ̀yin lẹ kò tọ́jú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí mo ń gbé e lọ, èmi sì ni mo fà á.

Mo máa ń se oúnjẹ fún àwọn tó bá ní àlejò. Ìyá kan ní Ẹgbẹ́dá, tó ti gbé òkè òkun pẹ́, ní kí n bá òun ṣe sàláàdì akàn, èyí tí wọ́n ń fi kírábù sítíìkì ṣe. Mo rà á nílé ẹja dídì kan níbẹ̀, mo ṣe iṣẹ́ mi, ó ku páálí kan. Kò síná ládùúgbò tèmi lọ́sẹ̀ náà, mo bá gbé e lọ sínú fíríìjì Màmá. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbàgbé pé Màmá kò mọ ìwé kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n akàn pupa ńlá ló wà lára páálí náà, tó ṣí ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ ènìyàn.

Ó pè mí lórí fóònù. "Àṣàkẹ́. Ta ló gbé akàn wọ ilé mi?"

Mo sáré dé. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe akàn. Ẹja ni. Wọ́n lọ ẹja ni, wọ́n po ìyẹ̀fun àti funfun ẹyin mọ́ ọn, wọ́n mọ ọ́n bí ẹran akàn, wọ́n wá kun ẹ̀yìn ẹ̀ ní pupa."

Ó wò mí. "Àwọn wo ló ní àyè tó báyẹn?"

"Àwọn òyìnbó ni, Màmá."

"Àwòrán ta wá ni eléyìí?"

"Akàn ni."

"Ehn. Ẹni tí kò jí adìẹ, tí ìyẹ́ wà lẹ́nu ẹ̀." Ó fa ọ̀kan jáde nínú ọ̀rá, ó gbé e súnmọ́ imú. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Ẹja ni, àbí?"

"Ẹja ni."

"Sọ ọ́ kí ayálégbé gbọ́."

Mo gbé ohùn sókè, mo ní ẹja ni. Màmá ti fíríìjì, ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀rí ti wà."

Báyìí ni sàláàdì wọ ilé wa. Kò rí bí mo ṣe ń ṣe é fún oníbàárà mọ́ nígbà tí Màmá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó fẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó da omi gbígbóná lé e kó lè tètè yọ́, ó sì di nǹkan tí ó jọ ẹ̀kọ tí ọmọdé jókòó lé. Láti ìgbà náà, ó ní kí a máa gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì láti àárọ̀, kó yọ́ fúnra rẹ̀, kí a wá fi aṣọ mímọ́ fún omi ara rẹ̀ kúrò. Kò gbà kí ọ̀bẹ kàn án. Ọwọ́ la fi ń fà á ya ní fọ́nrán fọ́nrán. Bí mo bá mú ọ̀bẹ, á ní akàn kò mọ ọ̀bẹ, ọwọ́ àti eyín ló mọ̀. Mo rán an létí pé ẹja ni. Ó ní ẹja náà kò gbọdọ̀ mọ̀ pé òun ni ẹja.

Kùkúńbà, a ó yọ kóró inú rẹ̀, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó fi iyọ̀ pa á, a ó gbé e sínú asẹ́ kó sun omi rẹ̀ dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sàláàdì á di ọbẹ̀ kó tó dé ẹnu. Àlùbọ́sà díẹ̀ tí a rẹ sínú ọsàn wẹ́wẹ́. Ata rodo kan tí a ti gba kóró lọ́wọ́ rẹ̀. Edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, ṣíbí kan péré, èyí jẹ́ ọgbọ́n orí tirẹ̀, pé òórùn omi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó kù màyònéèsì. Mo gbé èyí tó wà nínú ìgò fún un, ó tọ́ ọ wò, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìpara nìyí. Ṣé kí n jẹ ẹ́ ni, àbí kí n fi pa gìgísẹ̀?"

Ó bá ń ṣe tirẹ̀. Pupa ẹyin méjì, iyọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ nínú abọ́ tí a gbé lé aṣọ tútù kó má baà yí. Ó fi ìṣó lu ìdérí ìgò òróró, ihò kan bí ojú abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kán òróró sí i láti inú ihò yẹn, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi ìjábẹ̀ tuntun nà án. Bí òróró bá yára, gbogbo rẹ̀ á já, á dà bí omi ọbẹ̀ tó sùn. "Rọra, Àṣàkẹ́. Ṣé ẹnì kan ń lé ẹ ni?" Ó ń nà án, ọwọ́ arúgbó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó ń nà án títí tó fi ki, tó fi ń tàn, tó rọ̀ bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. A ó po gbogbo rẹ̀ papọ̀, a ó bò ó, a ó gbé e sínú fíríìjì fún bíi wákàtí kan. Bí wọ́n bá múná lọ, yìnyín inú kúlà ló kù. Á jókòó ti kúlà bí ẹni tó ń ṣọ́ ọlọ́ṣà.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jẹ èyí tó dára, abẹ́ àgbálùmọ̀ ló gbé e lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ewúrẹ́ aládùúgbò kọjá, kò bú u. N kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ yìí mọ ìyá mi."

Ẹni tó da ilé rú ni Wàhábì. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà ni, ó ń gbé ní Bàrúwà, kò ju ẹni ogójì ọdún lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ àṣà ilé wa tó o, àní àwọn tó dá a sílẹ̀. Ó wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó rí páálí lórí ààtàn, ó ya fọ́tò akàn yẹn, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí fóònù. Kí n tó dé ilé, wọ́n ti ní kí Màmá wá sí ilé olórí ẹbí lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday.

Mo sunkún. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọn kò lè lé e kúrò nílé mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń tún ilé ṣe. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá kò sunkún. Láti àárọ̀ Sunday ló ti ní kí n fi ìṣó lu ìdérí ìgò mìíràn, ti tẹ́lẹ̀ ti dí. A ṣe abọ́ ńlá kan. Mo ní, "Màmá, ẹ fẹ́ gbé e lọ síbẹ̀?" Ó ní, "Ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún kì í lọ lọ́wọ́ òfo."

Àgbà márùn-ún ló jókòó. Màmá kúnlẹ̀ láàárín wọn, abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun lórí rẹ̀. Wàhábì gbé páálí dúró bí ẹni gbé òkú eku. "Ẹ̀yin bàbá mi, akàn rèé. Ojú gbogbo wa rèé."

Màmá ní, "Wàhábì ọkọ mi, àwòrán ọmọ ọwọ́ wà lára agolo mílíìkì. Ṣé ọmọ ọwọ́ lẹ ń mu látọjọ́ yìí?"

Àgbà kan rẹ́rìn-ín, ó wá fi ikọ́ bò ó. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n ka ohun tó wà lára páálí. Wàhábì ní òun á kà á. Ó ní rárá, ẹni tó pẹjọ́ kọ́ ló ń ka ìwé ẹjọ́. Òun náà sì gbàgbé awò ojú òun sí mọ́sálásí. "Kí Àṣàkẹ́ kà á. Ọmọ ọmọbìnrin ni, èèwọ̀ wa kò sí lọ́rùn ẹ̀. Kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan."

Mo gba páálí. Títí dọjọ́ yẹn, mo ti ra irú ẹ̀ tó ogún, n kò ka ìdí ẹ̀ rí. Mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀: ẹja, omi, ìyẹ̀fun, funfun ẹyin, ṣúgà, iyọ̀, àwọ̀ pupa. Ojú mi wá dé ìlà tó kẹ́yìn, tí wọ́n kọ wínniwínni bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó ní omi tí wọ́n fún lára akàn, díẹ̀.

Mo gbé ojú sókè. Orúnkún Màmá wà lórí sìmẹ́ńtì. Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Mo rí àpótí rẹ̀ lábẹ́ igi lọ́kàn mi, bí ó ti ń ṣa ẹ̀wà.

Mo ní, "Ó parí síbẹ̀."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ó parí?"

"Ó parí, bàbá."

Ó na ọwọ́, mo fún un. Ó gbé páálí jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́, ó wá ká a, ó tì í sápò. Kẹ́nikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Màmá ti ká aṣọ kúrò lórí abọ́. "Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń dá lẹ́jọ́. Bó bá jẹ́ ẹja, kò ní pa yín. Bó bá jẹ́ akàn, ẹ ó mọ̀."

Nǹkan tí mo fi ń rántí rẹ̀ nìyí, bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan. Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹni tó bá kọ̀, ó pe ọmọ ọmọ ilé ní òpùrọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ó ti dájọ́ tán. Màmá sì gbé ṣíbí síwájú olórí ẹbí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, orí rẹ̀ wólẹ̀, bí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ wọlé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba ṣíbí. Ó tọ́ ọ. Ó dúró. Ó tún bu òmíràn, kó lè dá a lójú. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, àgbà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní, "Olórí ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹjọ́ yìí kì í ṣe tiyín nìkan." Abọ́ ń lọ yíká. Wàhábì nìkan ni kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ máa sọ̀rọ̀, màyònéèsì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní: "Ẹja ni."

Ọjọ́ kejì, kí aago méje tó lù, ó dé sílé wa pẹ̀lú sílípáàsì. Ó kí bàbá àgbà lábẹ́ igi, ó dúró, ó ń wo ewé.

"Ìyàwó. Ṣé nǹkan àná kù?"

Màmá kúnlẹ̀. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, nǹkan àná wo?"

"Ẹja yẹn."

"Ẹja wo?"

"Ìyàwó."

"Ó wà nínú fíríìjì."

Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, abọ́ kan kì í ṣàì lọ sílé rẹ̀. Wọn kò tìtorí ẹ̀ dá ìjà dúró. Ó ṣì ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ níwájú àlejò. Bàbá náà ṣì ń sọ fún aráyé pé obìnrin yìí ló fún òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn dókítà wá kà á fún Màmá pẹ̀lú lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó má jẹ pupa ẹyin mọ́, kó dín òróró kù, kó fi iyọ̀ sílẹ̀. Ó gbọ́ wọn dé òpin. Ó bi dókítà pé, "Ọmọ mi, ìwọ náà ti di ẹbí ọkọ mi?"

Èmi nìkan ni n kò gbádùn. Ìlà yẹn wà lọ́kàn mi. Mo ń kán òróró, mo ń rò pé mo ti jẹ́ kí arúgbó fi ẹnu ara rẹ̀ ba ohun tó fi ọgọ́ta ọdún pa mọ́ jẹ́, láìmọ̀. Ó wá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó lọ. Kò lè jókòó lábẹ́ igi mọ́, mo ń fi ṣíbí kékeré fún un ní sàláàdì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé e mì, ó ní, "Àṣàkẹ́, ìlà kan kù nídìí páálí lọ́jọ́ yẹn tí o kò kà."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ kò mọ ìwé kà, Màmá."

"Mo mọ ojú ẹ kà. Ṣebí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń jẹ ẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni wo ewúrẹ́ yẹn. "Bí n kò bá mọ̀, kí ni màá máa jẹ ẹ́ sí?"

Àárọ̀ ọjọ́ Tuesday ló lọ, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbì kan. Kó tó di ọ̀sán, a ti wẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ti dé abẹ́ àgbálùmọ̀. Wọ́n gbé ọkọ́ sókè. Wàhábì ní kí wọ́n dúró. Ó ní òun kò bá òkú jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ akàn kò tíì tán lọ́kàn òun, ilẹ̀ baba ńlá kì í ṣe ilẹ̀ eré, kí wọ́n gbé ìyá lọ fún àwọn ará etí ọ̀sà. Ọkọ́ dúró lókè. Gbogbo ènìyàn ń wo olórí ẹbí.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rán ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sílé pé kó lọ mú ìwé kan wá lábẹ́ Kùránì òun. Páálí yẹn ni. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó mọ́ bí ìwé ilẹ̀. Ó gbé e fún Wàhábì. "O ní wàá kà á lọ́jọ́sí. Kà á."

Wàhábì kà á sókè: ẹja, omi, ìyẹ̀fun, funfun ẹyin, ṣúgà, iyọ̀, àwọ̀ pupa. Ó dúró. Ó yí páálí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Wọ́n ti fi bírò pa ìlà tó kẹ́yìn."

"Ṣé o rí nǹkan kan kà níbẹ̀?"

"Rárá, bàbá. Wọ́n pa á gan-an ni."

"Ohun tí wọ́n bá ti pa kò sí nínú iṣẹ́. Kò sẹ́ni tí kò kọ́ ìyẹn nílé ìwé." Ó yíjú sí àwọn tó gbé ọkọ́ dání. "Ẹ máa gbẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ ó rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀."

Nígbà tí wọ́n gbé páálí kọjá lójú mi, mo rí i. Ìlà mẹ́ta mẹ́ta ló fà kọjá lórí ara wọn, pupa, bí wọ́n ṣe ń fagi lé ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé kùnà.

Lọ́jọ́ fídáù, lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ìwé onísùúrù ìyá tán, mo ṣe abọ́ kan. Kò sẹ́ni tó bá mi na ẹyin, mo fi ọwọ́ kan kán òróró, mo fi ọwọ́ kejì nà án; ó já lẹ́ẹ̀kan, mo tún un ṣe. Mo gbé e lọ bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ níbi tó jókòó sí, lórí àpótí Màmá, lábẹ́ igi, láàárín ọkọ àti aya. Àpótí náà ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì kí n tó lè la ẹnu.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ fi bírò pa ìlà yẹn?"

"Ìlà wo?" Ó ń jẹun lọ. "Ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò tó. Ìyàwó mi kì í fi ọsàn ṣahun." Ó ha ìdí abọ́, ó wo ilẹ̀ tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé abọ́ fún mi.

"Tètè lọ fọ̀ ọ́ kí Wàhábì tó dé."